Ọjà Inú Kànga

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ru Abíọ́dún, nítorí iṣẹ́ àwòrán nìkan ni Abíọ́dún ń ṣe. Lẹ́tà pupa gàdàgbà tó jáde sára ògiri ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, tó lé ìdajì èrò síta, tó mú kí màmá mi má bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́rin, ìka ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Mi ò mutí, mi ò sì tòògbé. Ojú mi là kedere nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́.

Rùkáyyàh lorúkọ mi. Táyé Rùkáyyàh, tí ẹ bá fẹ́ pè é pé. Ní Igbó-Ọrà níbí, tí ẹ bá pe Táyé lójú títì, èèyàn mẹ́ta lè dáhùn, ọlọ́kadà kan á sì tún tẹ bíréèkì láti béèrè bóyá òun lẹ ń pè. Mo kàwé kọ̀ǹpútà ní pólì, mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní Ìbàdàn lábẹ́ àwọn tí kò mọ iṣẹ́ tó mi, ó sú mi, mo kó ẹrù mi, mo padà wálé. Gbogbo ẹbí ní orí mi ti yí. Ta ló ń ṣe géèmù ní Igbó-Ọrà? Èmi ni. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan, mo gbé sólà sórí òrùlé, mo pe Abíọ́dún láti Erúwà. Ọmọ tíṣà ni Abíọ́dún, òbí ẹ̀ méjèèjì ló ń kọ́ni, ọwọ́ ẹ̀ sì já fáfá nínú àwòrán.

Inú fíìmù la ti mú géèmù wa jáde. Ọmọ Ìbàràpá tó bá ti tó ọgbọ̀n ọdún, tó bá ní òun kò mọ *Amúnilẹ́sẹ̀*, irọ́ ló ń pa. Apá mẹ́fà ni fíìmù náà ní, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà, ọmọ Àyétẹ̀ tó ń gbé l'Ékòó, ló ṣe gbogbo rẹ̀. Abàmì kan wà nínú kànga. Bí èèyàn bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọwọ́ á yọ, á gbá a lọ́rùn ẹsẹ̀ mú, á fà á wọlé. Gbogbo nǹkan á ṣókùnkùn, lẹ́tà pupa á wá jáde lójú tẹlifíṣọ̀n: Ó TI KÚ. Àwa ọmọdé tá a kóra jọ sí pálọ̀ Bàbá Hàlímọ̀, tó ní tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù ládùúgbò, a óò jọ ké e pọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń pariwo jù nínú wa.

Èèyàn márùn-ún ló pọ̀ jù tó lè gbá géèmù yìí pọ̀, kálukú lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ẹnìkan á jẹ́ Amúnilẹ́sẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù á máa sá kiri abúlé, wọn á máa wá okùn, fìtílà àti kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa fi jáde. Àdéhùn tí a bá Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà ṣe ni pé òun ló ni orúkọ fíìmù àti ìrísí abàmì rẹ̀, àwa la ni gbogbo ohun tí a bá fọwọ́ ara wa kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìwé yẹn kí n tó fọwọ́ sí i, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó bá ń pe èèyàn ní “ọmọ mi” kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́tà pupa yẹn ni àmì fíìmù rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú géèmù. Ṣùgbọ́n “Ó TI KÚ” lásán kò tó nínú géèmù. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń sá kiri, ó yẹ kí àwọn mẹ́ta tó kù mọ ẹni tí wọ́n mú. Mo bá kọ ọ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi orúkọ ẹni náà síwájú. Ìlà kan péré ni. Inú mi dùn sí i débi pé mo pe Abíọ́dún wá wò ó, òun náà ní ó dáa. Kò sí ẹni tó ronú nínú àwa méjèèjì nípa ìlú tí a wà àti irú orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a kó ẹ̀rọ wa lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kí àwọn èèyàn lè bá wa dán géèmù náà wò. A ta aṣọ dúdú sí fèrèsé, a gbé ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kalẹ̀, èrò kún. Màmá mi jókòó níwájú pátápátá, àtẹ ẹ̀gúsí wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀gúsí ló ń tà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, ibi yòówù kó jókòó sí, ó ń bó o ni. Ó wá wo ohun tí mo torí ẹ̀ fi iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbá a ni àwọn ọmọ Búrẹ́mọ̀, ìbejì ọlọ́kadà méjì tí gbogbo gáréèjì mọ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì. Èyí àkọ́kọ́ kọ TÁYÉ, èkejì kọ KẸ́HÌNDÉ. Abíọ́dún ló jẹ́ Amúnilẹ́sẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Kẹ́hìndé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọwọ́ yọ, ó gbá a lọ́rùn ẹsẹ̀ mú. Ògiri ṣókùnkùn. Lẹ́tà pupa jáde, ó ga ju èèyàn lọ:

KẸ́HÌNDÉ TI KÚ

Táyé ọlọ́kadà ju pádì tó fi ń gbá a sílẹ̀, ó yíjú sí ìkejì rẹ̀ tó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Obìnrin kan lẹ́yìn ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé dàrú, tí àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ jáde.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé. A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa ìbejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, à á ní ó re ọjà. Mùsùlùmí ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, onígbàgbọ́ ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Alùfáà wa kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó òun náà bí ìbejì, òun náà sì mọ ohun tó ń sọ nínú ilé rẹ̀. Nítorí ẹni tó kù ni. A ò fẹ́ kó gbọ́, kó wá ní òun fẹ́ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi, Kẹ́hìndé Làtíífàt, re ọjà nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni, nígbà òjò. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún báyìí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìlú ṣì ń pe màmá mi ní Ìyá Ìbejì, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ̀rọ̀ kejì yẹn létí rẹ̀ rí, dókítà pàápàá. Ó wá ku èmi ọmọ rẹ̀ kí n kọ ọ́ sára ògiri fún un.

Màmá mi dìde. Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó rìn lọ síwájú ògiri, ó na ìborùn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láti fi bo ohun tí mo kọ. Kò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni, kò ṣeé fi aṣọ bò. Lẹ́tà náà kàn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí i lára. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yòókù wà láyà rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wò mí.

“Táyé,” ó ní, “ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Mú un kúrò.”

Mi ò rí ibi tí mo fẹ́ tẹ̀. Abíọ́dún ló fa wáyà yọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ń dáhùn sálámà mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ó ti ṣí àpótí sílẹ̀, ó ń to bàtà.

Mo mọ bàtà wọ̀nyẹn. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ń bọ̀, màmá mi máa ń ra sálúbàtà méjì tó jọra. Èmi á wọ ọ̀kan, ìkejì á wọ àpótí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kéré, ti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, àwọn tó wà lókè ń tóbi sí i bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń dàgbà. Méjìdínlógún ni wọ́n, ilẹ̀ kò tíì kan ìsàlẹ̀ ìkankan nínú wọn. Nígbà tí mo wà ní pólì, mo bínú sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kí ni gbogbo eléyìí. Ó dá mi lóhùn pé, “Bó bá dé ńkọ́?” Mo jáde lójú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti yé pe ara mi ní Táyé, nítorí ẹni tó bá gbọ́ Táyé, ohun tó máa béèrè tẹ̀ lé e ni pé, “Kẹ́hìndé ńkọ́?”, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bi mí mọ́.

Mo kúnlẹ̀ ti àpótí náà. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú.”

Kò wò mí. Ó ní, “O rò pé àdàpè lásán ni à ń sọ. O rò pé a ń tan ara wa jẹ. Ẹni tó re ọjà, ó ń nájà ni. Ó ń ra nǹkan.”

“Ta ló ń rà á fún, mà?” Mo kàn béèrè ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti yẹ kí n béèrè.

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. “Ìwọ ni. Ta ni ì bá tún rà á fún?”

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo wọ̀, mo pe Abíọ́dún nígbà mẹ́fà kó tó gbé fóònù. Mo ní kó máa bọ̀, pé a ò pa ẹnikẹ́ni mọ́ nínú géèmù yìí.

Oṣù méjì la fi tún un ṣe. Báyìí ló ṣe wá rí: bí Amúnilẹ́sẹ̀ bá fà ọ́ wọ kànga, o ò tíì jáde nínú eré. O máa já bọ́ sínú ọjà kan nísàlẹ̀ omi, àtùpà wà lórí àtẹ kọ̀ọ̀kan, o kò rí ojú àwọn tó ń tajà. O lè ra nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni wọ́n ń tà á. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ rẹ, ìkejì á lọ bá ìkejì rẹ tó ṣì ń sá kiri lókè. Gbogbo ẹni tó bá ń gbá a ló ní ìkejì, ìbáà jẹ́ àjèjì pátápátá láti ìlú òkèèrè. Láti inú ọjà yẹn, bí o bá gbójú sókè, o máa rí ìkejì rẹ gbangba nínú omi. O máa rí ọwọ́ tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. O ò lè pè é. Ohun tí o bá rà nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Màmá mi ṣí àpótí náà fún Abíọ́dún, ó jókòó tì í títí tó fi ya gbogbo bàtà náà tán. Àtẹ bàtà ni àtẹ àkọ́kọ́ nínú ọjà wa. Ẹni tó bá rí sálúbàtà gbà, á sáré ju abàmì lọ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé géèmù náà wá bani lẹ́rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́tà pupa ò lè dẹ́rù ba èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí wọ́n mú á kàn tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Búrẹ́mọ̀ padà wá dán an wò, lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, Kẹ́hìndé wà nínú ọjà, ó ń wo ọwọ́ tó ń yọ sí Táyé lẹ́yìn, ọkùnrin gìrìwò yìí gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó ń na fóònù sókè, ó ń ké pé, “Táyé, ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!” Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé a ti ṣe é.

Mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò rẹ̀ ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùnlélọ́gọ́ta, bàtà kánfáàsì funfun bíi ti ọmọ ilé ìwé ló wọ̀, dírẹ́bà rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Rùkáyyàh, ọmọ mi,” ó ní, “ọjà wo lo gbé sínú géèmù mi?”

“Ibẹ̀ ni àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀ ń lọ, sà.”

“Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n kú. Ó tán. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pa èèyàn nínú fíìmù, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó re ọjà.”

“Ẹ ò pa ìbejì rí nínú ẹ̀, sà. Mo ti wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.”

“Géèmù ni! Àwọn ará Kánádà tó fẹ́ gbá a, kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ìbejì Igbó-Ọrà?”

“Kò kàn wọ́n, sà. Àwa ló kàn. Àwa la sì ń ṣe é.”

Abíọ́dún tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mi ò dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà ní òun ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, kí a dá lẹ́tà pupa padà, pẹ̀lú orúkọ níwájú rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí òun fẹ́ràn ti orúkọ yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun máa gba orúkọ fíìmù òun, òun máa gbé e fún àwọn mìíràn l'Ékòó. Iṣẹ́ ọdún méjì ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Inú bí mi.

Mo ní, “Ó dáa, sà. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbá a níwájú èrò. Bí ẹ bá gbá a tán, tó ṣì wù yín bẹ́ẹ̀, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo dá Amúnilẹ́sẹ̀ sílẹ̀? Ta ló fẹ́ mú mi?”

Kẹ́hìndé, ọmọ Búrẹ́mọ̀, ló fẹ́ mú un. Èmi ni mo gbé pádì abàmì lé e lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá-ńlá. Ó sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń fi àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó rí okùn, ó rí fìtílà, ó wá gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá. Kẹ́hìndé ti ń dúró dè é níbẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

ADÉRÓGBÀ TI KÚ

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ẹ rí i! Ẹ rí i bó ṣe dáa!” Ó yíjú wo èrò kí wọ́n lè bá a rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti ṣí fìlà, ó dì í mú láyà. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣí i.

Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá Hàlímọ̀ wọlé. Bàbá náà ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ga ju èèyàn lọ kò ṣòro fún un. Ó dúró, ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

“Adérógbà… ti… kú.” Ó mí kanlẹ̀. “Inná lillàhi wa inná ilaehi ràjiún. Adérógbà wa ti Àyétẹ̀?”

Bí ẹnu bá sì ti mọ́ ọ̀rọ̀ kan láti kékeré, kì í dúró gba àṣẹ. Ìdajì ilé náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Inná lillàhi.”

“Mi ò kú o!” Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà fò dìde, pádì já bọ́. “Èmi nìyí! Mo wà níbí!”

Bàbá Hàlímọ̀ na ọrùn sínú òkùnkùn. “Ta nìyẹn?”

“Èmi Adérógbà ni!”

Bàbá náà fẹ̀yìn rìn jáde kíákíá, ó gbàgbé ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wá pè.

“Ẹ yọ ọ́,” Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Bó ṣe wà nínú fíìmù yín ni, sà.”

“Mo ní kí ẹ yọ ọ́!”

Mo yọ ọ́. Mo bi í bóyá kí n ṣì fi lẹ́tà pupa náà sílẹ̀ nínú géèmù. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó ti wọ mọ́tò kó tó rántí pé ọ̀gá lòun, ó bá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní kí n má fi orúkọ fíìmù òun ṣe nǹkan kan mọ́, pé alágídí ọmọ ni mí.

“Ẹ máa mú un lọ, sà,” mo ní. “Ọjà ló kù sí wa lọ́wọ́. Tiwa ni.”

Mo dúró títí mọ́tò náà fi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún. Ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì.

Nígbà tí mo délé, màmá mi ti gbọ́. Kì í pẹ́ rárá kí ọ̀rọ̀ tó dé etí àwọn tó ń bó ẹ̀gúsí.

“O kọ ọ́ sórí àgbàlagbà,” ó ní.

“Òun ló ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mà.”

“Mo gbọ́. Síbẹ̀, kò dáa.” Ó sún sẹ́yìn lórí ẹní, ó ti ìdajì ẹ̀gúsí náà sọ́dọ̀ mi. “Jókòó.” Mo jókòó, a jọ ń bó o, mo sì mọ̀ pé a ti parí ìjà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fóònù mi dún, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà ló pè.

“Rùkáyyàh.” Kò pè mí lọ́mọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Àyétẹ̀. Ó ń sunkún. Ẹnìkan ti ya ògiri yẹn ní fọ́tò, wọ́n sì ti ń gbé e kiri. Àwọn èèyàn ti wá kí wọn kú ọ̀fọ̀ nílé. Mo ń gbé fóònù, wọ́n ń bi mí bóyá èmi gan-an ni.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.”

“Orúkọ mi ṣì wà lójú ewé àkọ́kọ́ nínú géèmù yẹn, tí wọ́n kọ ọ́ pé mo ti kú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó máa ń tọ́jú orúkọ àwọn tó gbá a kẹ́yìn.”

“Bá mi yí tèmi.”

Mo rántí ìborùn màmá mi, bó ṣe nà án síwájú ògiri. “Kò sí bí mo ṣe lè yí ti ẹnìkan, sà. Ìlà kan ṣoṣo ló ń kọ ti gbogbo èèyàn. Bí mo bá yí tiyín, mo ti yí ti gbogbo ayé nìyẹn. Ti ará Kánádà náà.”

Mò ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò bẹ̀ ẹ́.

“Kọ ọ́ pé mo re ọjà,” ó ní.

“Pẹ̀lú orúkọ *Amúnilẹ́sẹ̀* lórí rẹ̀, sà?”

“Pẹ̀lú ẹ̀.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, sà.”

Ó pòṣé tó gùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kọ ọ́ ránṣẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, màmá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó ní kí n gbé e fún òun kí òun gbá a. Mo fún un ní fóònù kan, mo mú èkejì. Ó béèrè orúkọ tí òun máa kọ. Mo ní èyí tó bá wù ú. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́ kó tó parí: KẸ́HÌNDÉ. Èmi náà kọ TÁYÉ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Abíọ́dún ń lé wa. Màmá mi ò sá rárá, tààrà ló lọ síbi kànga.

“Màmá, ẹ sá!”

“Má pariwo mọ́ mi,” ó ní. Ọwọ́ yọ, ó gbá a mú.

KẸ́HÌNDÉ RE ỌJÀ

Àtẹ bàtà ló lọ bá. Ó ra méjì. Ọ̀kan dé sí mi lẹ́sẹ̀ lójú fóònù mi, mo sì sá mọ́ Abíọ́dún lọ́wọ́, mo jáde ní abúlé náà. Màmá mi ò yọjú kúrò lára fóònù.

“Ó gbà ẹ́ lẹ́sẹ̀?” ó béèrè.

“Ó gbà mí, mà.”

Lẹ́yìn Iléyá, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà yà lọ́dọ̀ wa láti Àyétẹ̀ láti wò ó kó tó jáde sí gbangba. Sálúbàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìkejì rẹ̀ wà nínú àpótí, èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀ lọ́dún yìí. Ó wo géèmù náà tán, kò rí àléébù kankan, inú rẹ̀ ò sì dùn pé kò rí. Ó wá ń ka orúkọ àwọn tó ṣe é, bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ lójú ògiri: tirẹ̀, tèmi, ti Abíọ́dún. Ó dúró lórí ẹ̀kẹrin.

“Kẹ́hìndé Làtíífàt,” ó kà á. “Ta nìyẹn? Mi ò rí i rí pẹ̀lú yín.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà,” mo ní. “Ó re ọjà.”

Ó wò mí, ó wo ògiri. Lẹ́yìn náà, ó ṣí fìlà.